Gbóná Kì Í Ṣe Nọ́ńbà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń yà sọ́dọ̀ mi ní Dutse Alhaji lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ máa ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ló dára kí ènìyàn fi ayé rẹ̀ ṣe, ẹ̀rín ni mo ti fi ń dá yín lóhùn látọjọ́ yìí. Ẹ máa ń wo àwọn ìwé tó kún ara ògiri mi, ẹ ó sì ní, "Bàbá, ẹ ti kàwé jù." Òótọ́ ni. Mo ti ka ìwé nípa ogun, nípa ìràwọ̀, nípa àwọn ìjọba tí kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kà ju gbogbo ìwé lọ ni kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú oúnjẹ. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kà á, ojú mi sì ti san owó ẹ̀kọ́ náà. Lónìí, mo fẹ́ dá yín lóhùn ní kíkún, bí ìdáhùn náà kò tilẹ̀ ní dùn létí.

Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ọjọ́ rò. Mo ti parí ilé-ìwé gíga, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Kàbbà, mo rí ìkéde kan nínú ìwé ìròyìn, mo kọ lẹ́tà, wọ́n pè mí. Owó oṣù mi tó mi jẹun. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọdún 1978 ni mo dé Àbújá. Ìjọba ti kéde ní ọdún méjì ṣáájú pé ibẹ̀ ni olú-ìlú yóò wà, ṣùgbọ́n kò tíì sí ìlú kankan níbẹ̀. Eruku pupa ni a bá, àti katakata tó ń wó igi, àti kámpù àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n fi pákó àti páànù kọ́. Káfíńtà ń wá láti ìhà Ọ̀yọ́, bíríkìlà láti Òṣogbo, awakọ̀ láti Ìjẹ̀bú, àwa ará Okun náà sì ń rọ́ wá láti Kàbbà àti Ìyàgbà. Níbi tí irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, olóúnjẹ kì í jìnnà síbẹ̀. Ibi tí olóúnjẹ bá sì wà, ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa wà. Iṣẹ́ wa ni kí a máa yẹ oúnjẹ àti omi wò, kí a lè mọ èyí tó fẹ́ pa ènìyàn kó tó pa á.

Ilé àyẹ̀wò wa jẹ́ ilé pákó oníyàrá méjì. Ọ̀gá ibẹ̀ ni Dókítà Ṣówándé, ọmọ Ìjẹ̀bú, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fúnra rẹ̀ lọ aṣọ funfun tó ń wọ̀ síṣẹ́. Mo rò pé ìwé-ẹ̀rí mi yóò jẹ́ kí ó gbé awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá lé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kàǹrìnkàn àti ọṣẹ ló gbé lé mi lọ́wọ́. Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi fọ àwo dígí. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, yóò gbé e sókè síhà fèrèsé, yóò yí i kiri, bí ó bá sì rí àmì ìka kan ṣoṣo, gbogbo rẹ̀ ni yóò dà padà sínú omi. Nígbà kan tí a kán omi kànga sínú àwo, tí oúnjẹ dídì tí a fi ń sin kòkòrò wà níbẹ̀ ní ṣíṣí, mo ṣèèṣì kí ẹnìkan tó wọlé wá. Ó ní kí n kó gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn dànù. Ó ní kòkòrò tó wà lẹ́nu mi nìkan tó kún odò Úsúmà, pé òun kò sì bẹ̀ mí kí n fi tèmi kún ti kànga.

Bí inú bá ń bí i, èdè Ìjẹ̀bú ló fi ń bínú, bí ó bá sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọni lára, Yorùbá ìwé-mímọ́ ni. Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí n kọ ọ́ sí iwájú ìwé àkọsílẹ̀ mi:

"Ọwọ́ kì í ṣe òṣùwọ̀n. Imú kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ahọ́n tó bá sì ní òun fẹ́ jẹ́ òṣùwọ̀n, itẹ́ òkú ni yóò ti ròyìn."

A rẹ́rìn-ín sí i. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá mi ń pẹ̀ka ìrókò lára mi, èmi rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Ẹ ó fẹ́ mọ irú irinṣẹ́ tí a lò. Àpótí olóoru wa, níbi tí a ti ń mú kòkòrò hù bí ẹni gbin ẹ̀fọ́, kẹrosíìnì ló ń lò, a ó sì máa fi ọwọ́ tún òwú rẹ̀ ṣe kí ooru rẹ̀ má baà lọ sókè tàbí wálẹ̀. Ìkòkò onídèérí líle tí a fi ń pa kòkòrò ara ohun èlò, orí ààrò igi ni a ń gbé e kà. Ọkọ̀ lándíròfà kan la fi ń jáde. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí ọ̀gá mi fẹ́ràn jù ni òṣùwọ̀n ooru kan tí orí rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́, tí ojú rẹ̀ sì dà bíi ti aago. Bí a bá gún un bọ àárín ìrẹsì tàbí ẹran, yóò sọ bí ooru inú rẹ̀ ti tó. Ọ̀kan péré la ní. Awọ ni ó fi rán àpò rẹ̀, ó sì fi í lé mi lọ́wọ́ nígbà tí mo pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. N kò tíì gba ẹ̀bùn kankan títí di òní tó wú mi lórí tó ìyẹn.

Ìwé ńlá kan tún wà tí a ń kọ àbẹ̀wò sí. Ó ní ìlà fún orúkọ olóúnjẹ, ìlà fún irú oúnjẹ, àti ìlà fún nọ́ńbà ooru. Ní ìlà orúkọ, bí wọ́n bá ṣe ń pe ènìyàn ni a ń kọ: Hajiya báyìí, Màmá báyìí, Ìyá lágbájá. Ẹ mọ̀ pé ọmọlúàbí kì í pe ìyá ọlọ́mọ ní orúkọ rẹ̀.

Bí mo ṣe mọ Ìyá Dúpẹ́ nìyẹn. Obìnrin Ìyàgbà ni, opó, tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́nu kámpù kan tí kò jìnnà sí Kado. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Dúpẹ́ náà, tó wà ní Mìnnà níbi tó ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Gbogbo ẹni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ló ti gbọ́ pé ọmọ òun yóò di tíṣà, pé ọmọ káfíńtà àgbà kan nínú kámpù náà sì ti ń bọ̀ wá fẹ́ ẹ. Nítorí pé ará Okun ni èmi náà, "Ọ̀kún" ni ó fi ń kí mi láti òkèèrè, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé, "Ẹ jẹun kíákíá o, Bàbá Kòkòrò ti dé, kó tó ka kòkòrò inú abọ́ yín sí yín létí." Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, àmọ́ Bàbá ló ń pè mí. Mo fẹ́ràn rẹ̀.

Ó máa ń se oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ti àárọ̀ yóò tán kó tó di ọ̀sán, yóò dá iná tuntun fún ti ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà tó dára jù lọ ni, ó sì ti ń ṣe é kí n tó débẹ̀, láìka ìwé kankan.

Ní nǹkan bí ọdún 1982, wọ́n ní kí a máa pe àwọn olóúnjẹ jọ kí a máa kọ́ wọn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìlànà náà wá: oúnjẹ tí a ti sè kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ọgọ́ta lórí òṣùwọ̀n títí a ó fi tà á. Dókítà Ṣówándé ní kí n kọ́ àwọn tó gbọ́ Yorùbá. Mo dúró lábẹ́ igi máńgòrò, mo wọ aṣọ funfun, mo sì mọ̀ pé Yorùbá yọ̀ lẹ́nu mi. Mo sọ fún wọn nípa kòkòrò tí ojú kò rí, wọ́n pariwo, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tí mo dé ibi ọgọ́ta, mo wo ojú wọn, mo rántí pé kò sí ẹni tó ní òṣùwọ̀n ooru níbẹ̀. Mo wá sọ ọ́ lọ́nà tí mo rò pé yóò yé wọn. Mo ní, "Ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ tutù. Ẹ jẹ́ kó máa gbóná títí ẹ ó fi tà á tán."

Ẹyin lóhùn; bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yẹn, gbóná. Ọbẹ̀ tó ń hó lórí iná, ó gbóná. Omi tí a fi ń wẹ ọmọ tuntun, ó gbóná. Ara ẹni tí ibà ń ṣe, ó gbóná. Ọ̀kan ń bó ènìyàn lára, ọ̀kan ń tù ú lára, ọ̀rọ̀ kan náà la sì ń pè wọ́n. Kòkòrò tí mo ń sọ kò fẹ́ òtútù, kò sì fẹ́ iná. Lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fẹ́, bí ọmọ ọwọ́ ti fẹ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. A ní ọ̀rọ̀ yẹn lédè wa, lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó wà níbẹ̀, kò sọnù. Èmi tí mo ti ka gbogbo ìwé ni n kò mú un jáde.

Ìyá Dúpẹ́ lọ sílé, ó ro ọ̀rọ̀ mi. Bí iṣẹ́ náà bá jẹ́ pé kí oúnjẹ má tutù ni, kí ló dé tí òun ó tún fi máa dá iná lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí àwọn ọ̀gá kámpù kò tilẹ̀ fẹ́ rí iná lẹ́bàá igi pákó wọn? Ó ra ìkòkò tó tóbi jù. Ó ń se ìrẹsì ọjọ́ náà lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, yóò gbé ìkòkò sínú agbọ̀n tó ní koríko gbígbẹ, yóò wá fi kúbùsù méjì wé e, yóò sì fi ọ̀já gbà á. Ó pọ́n ìkòkò náà bí ẹni pọ́n ọmọ. Tí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ìrẹsì náà ṣì gbóná. Ó ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, mo ṣe àbẹ̀wò síbẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó tú kúbùsù náà níwájú mi, ojú rẹ̀ ń dán. Òṣùwọ̀n wà nínú ọkọ̀. Ìṣísẹ̀ ogún ni sí ibi tí ọkọ̀ wà. Mo ti padà lọ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìgbà náà. Oòrùn mú, olóúnjẹ mẹ́rin ṣì kù tí mo fẹ́ bẹ̀ wò. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé ara ìkòkò.

"Ó gbóná," mo wí. "Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Dúpẹ́. Báyìí gan-an ni."

Ó yíjú sí àwọn oníbàárà rẹ̀, ó ní ṣé wọ́n gbọ́ ohun tí ìjọba sọ. Èmi sì ṣí ìwé ńlá. Mo dé ìlà nọ́ńbà, n kò ní nọ́ńbà kankan tí mo lè kọ, mo bá kọ "gbóná" síbẹ̀.

Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí jàǹbá ṣẹlẹ̀. Àwọn tó jẹ ìrẹsì ìrọ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bì kí wọ́n tó dé orí ẹní wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ dúró ní apá kan kámpù náà. Ara ọ̀pọ̀ wọn yá lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì. Ara Ràṣídì kò yá. Káfíńtà ni, ọmọ Ìsẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin tó máa ń súfèé bí ó bá ń fá pákó. Òun ló kan tábìlì tí mo ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò. Ó kú ní ọjọ́ kẹta. Orí tábìlì yẹn náà ni mo tẹ́ ìrẹsì tó pa á sí.

Wọ́n ti fọ́ ìkòkò Ìyá Dúpẹ́ kí àyẹ̀wò tó jáde. Májèlé ni wọ́n ń pariwo. Ó rìn wá sí ilé àyẹ̀wò, gèlè kò sí lórí rẹ̀, kò sì kí mi ní "Ọ̀kún".

"Ọmọ mi," ó ní, "ìwọ lo fọwọ́ kàn án. Ìwọ lo ní báyìí gan-an ni. Máa bọ̀, kí o wá sọ fún wọn."

Ohun tó wá bẹ̀bẹ̀ fún kò ju ẹsẹ̀ mi méjèèjì àti ẹnu mi lọ. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí àyẹ̀wò jáde ná, Ìyá."

Ó yí padà, ó lọ.

Àyẹ̀wò jáde. Àwọn kòkòrò náà hù nínú àwo, wọ́n funfun, wọ́n rí ṣákiṣàki bí ìda tó dà sílẹ̀. Irúgbìn wọn kì í kú nínú omi híhó. Yóò dákẹ́ síbẹ̀ títí ooru yóò fi rọlẹ̀, yóò wá jí, yóò máa pọ̀, yóò sì tú oró rẹ̀ sínú oúnjẹ. Bí a bá tún oúnjẹ náà gbé kaná, oró náà kò ní lọ. Mo se irú ìrẹsì bẹ́ẹ̀, mo wé e bí ó ṣe wé e, mo gún òṣùwọ̀n bọ̀ ọ́ ní agogo mẹ́rin. Ogójì ni. Ara ìkòkò náà gbóná mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀gá mi ti lọ sin ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Èmi ni mo kọ ìròyìn sí àwọn tó wà lókè. Mo kọ ọ́ pé, "Olóúnjẹ náà fi ìrẹsì sínú ooru tí kò tó fún wákàtí púpọ̀, èyí tó lòdì sí ìlànà tí a fún un." Ẹ wá irọ́ nínú rẹ̀, ẹ kò ní rí ọ̀rọ̀ kan tó jẹ́ irọ́. Àpapọ̀ rẹ̀ ni irọ́. Wọ́n fòfin dè é pé kò gbọdọ̀ tajà mọ́ níbikíbi ní agbègbè náà. Kí ọ̀gá mi tó dé, Ìyá Dúpẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ tí Dókítà Ṣówándé padà síṣẹ́, ó tẹ́ ìròyìn mi àti ìwé ńlá sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ó pè mí. Kò fi èdè Ìjẹ̀bú bínú, kò sì sọ Yorùbá ìwé-mímọ́. Ó fi ìka lé ìlà kẹta.

"Nọ́ńbà wo nìyí?"

Mo wo ìlà náà.

"Mo ní kí o kà á fún mi."

"Gbóná, sà."

"Gbóná kì í ṣe nọ́ńbà." Ó pa ìwé náà dé. "Ta ló fún obìnrin yẹn ní ìlànà?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló ní ó ṣe é dáadáa?"

Kò dúró gbọ́ ìdáhùn. Ó fa ìwé tuntun sí iwájú mi, ó sì jókòó tì mí títí mo fi kọ lẹ́tà mìíràn, tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀: ohun tí mo kọ́ wọn, ìṣísẹ̀ ogún tí n kò rìn, àtẹ́lẹwọ́ mi, àti pé olóúnjẹ náà ṣe ohun tí a ní kó ṣe gẹ́lẹ́. Ó buwọ́ lù ú pẹ̀lú mi, ó ní òun lòun fi mí síṣẹ́. A fi í ránṣẹ́. Wọ́n fèsì pé àwọn ti rí i. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Kò sí ẹni tó lọ sí kámpù lọ ka lẹ́tà yẹn sétí ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbé ìjìyà kékeré kan lé mi lórí, mo jẹ ẹ́ tán, mo sì tún ń bá iṣẹ́ lọ.

Ọ̀gá mi fi ẹ̀dà lẹ́tà náà hàn mí kí ó tó tì í mọ́ àpótí rẹ̀. Ó ní, "Èyí kì í ṣe ti ọ́fíìsì nìkan. Gbé e lọ fún ẹni tó ni ín." Mo ní mo gbọ́, pé n ó wá gbà á. N kò lọ. Mo sọ fún ara mi pé n kò mọ abúlé rẹ̀, pé iṣẹ́ pọ̀, pé òjò ti dé.

Iṣẹ́ náà ń yí padà ní àwọn ọdún yẹn. Iná ẹ̀lẹ́ńtíríkì dé, àpótí olóoru tuntun dé tí kò nílò kẹrosíìnì. A kó kúrò nínú ilé pákó, tábìlì Ràṣídì nìkan ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n kó dání. Òṣùwọ̀n tí nọ́ńbà rẹ̀ ń tàn bí aago ọwọ́ dé. Èmi náà yí padà. Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn, gbóná, kò tún jáde lẹ́nu mi níwájú olóúnjẹ. Mo ń sọ pé: "Kí ó máa rú èéfín. Bí ẹ bá lè gbé ọwọ́ lé e pẹ́, ó ti bàjẹ́. Ẹ sè é díẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì tún òmíràn sè." Ohun tí Ìyá Dúpẹ́ ń ṣe kí n tó kọ́ ọ ni mo ń kọ́ wọn. Wọ́n gbé mi ga, wọ́n rán mi lọ sí òkè òkun, mo di ọ̀gá. Ẹ ti rí àwọn fọ́tò náà lára ògiri mi.

Dókítà Ṣówándé fẹ̀yìn tì, ó kú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé nǹkan kan fún mi tó ní kí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Àpò awọ ni, òṣùwọ̀n abẹ́rẹ́ wa àtijọ́ wà nínú rẹ̀, ẹ̀dà lẹ́tà náà sì ni ó fi wé e.

Mo wọ ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, mo gba Lọ́kọ́ja lọ sí Kàbbà, mo gba Kàbbà lọ sí Ìyàgbà. Mo dé abúlé tí wọ́n júwe fún mi, mo ń béèrè Ìyá Dúpẹ́. Wọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní opó ni, ó ti gbé Àbújá rí. Wọ́n ní, "Áà, Ìyá Bísí lẹ ń wá."

Ilé alámọ̀ kan ni, òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù. Ó ti dàgbà ju bí ó ti yẹ lọ. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, kò ní kí n dìde, bẹ́ẹ̀ ni kò lé mi. Mo béèrè Dúpẹ́.

Ó ní àwọn ẹbí ọkọ àfẹ́sọ́nà ni wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ pé àwọn kò lè fẹ́ ọmọ onímájèlé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ dé ilé-ìwé ní Mìnnà. "Ìrẹsì Ìyá Dúpẹ́" ni wọ́n ń pè é nínú kámpù; orúkọ ọmọ ni gbogbo ayé mọ̀, òun ni wọ́n fi ń ṣèrántí òkú. Ọmọ náà fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ó lọ sí Ìlọrin, ó ní Bísí ni òun ń jẹ́, ó sì ní kí ìyá òun má ṣe pe òun ní orúkọ àkọ́kọ́ mọ́ lójú ènìyàn. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wá sílé.

"Orúkọ ọmọ nìjánu ọmọ," ó ní. "Wọ́n já ìjánu lẹ́nu tèmi."

Mo mú lẹ́tà náà jáde. Mo kà á fún un ní Yorùbá láti òkè dé ilẹ̀. Ó tẹ́tí sílẹ̀ títí mo fi dé ìfọwọ́sí.

"Ó dára," ó wí. "Wá ka ibi tí orúkọ mi wà."

Mo wo ìwé náà. Olóúnjẹ náà. Olóúnjẹ náà. Olóúnjẹ náà. Mo sọ fún un pé kò sí níbẹ̀.

"Ti Dúpẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí níbẹ̀, Ìyá."

"Orúkọ ni wọ́n fi dá wa lẹ́bi," ó ní. "Ẹ̀yin wá dá wa láre láìlórúkọ. Kí ni mò ń jẹ́, Bàbá Kòkòrò?"

Ọdún mẹ́rin ni mo fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n. Mo fi ọ̀wọ̀ pe obìnrin yìí títí mo fi sọ orúkọ rẹ̀ nù.

Ó dìde lọ sẹ́yìnkùlé, mo rò pé ó ní kí n máa lọ ni. Nígbà tó pẹ́, ó gbé ìkòkò kékeré kan wá, ìrẹsì ni, ó ń hó pẹ̀pẹ̀pẹ̀, èéfín rẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀ níwájú mi. Ó rí àpò awọ náà ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó sì mọ̀ ọ́n.

"Fi nǹkan rẹ wò ó," ó wí.

Mo gún abẹ́rẹ́ náà bọ àárín ìrẹsì. Mo dúró títí ọwọ́ òṣùwọ̀n fi dákẹ́, bí ọ̀gá mi ti kọ́ mi.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ó ní. "Kí o sì kọ orúkọ sí ìlà tó yẹ." Ó pe orúkọ náà fún mi, tirẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀.

Kò sọ pé òun dárí jì mí. N kò sì béèrè. Mo jẹ ìrẹsì náà tán, ó bó mi lẹ́nu.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ní kí n sọ iṣẹ́ tó dára kí ènìyàn ṣe. Èyí tí mo ṣe dára. Bí ọ̀kan nínú yín bá fẹ́ ṣe é, kó wá, òṣùwọ̀n náà ṣì wà nínú àpò rẹ̀, kò sì tíì parọ́ rí. Ẹ̀yìn lẹ́tà yẹn ni mo kọ ọ̀rọ̀ tó ní kí n kọ sí lọ́jọ́ náà, mo sì tún un kọ síbí fún ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ nípa ìrẹsì Ìyá Dúpẹ́ rí:

Débórà Tinúọlá Ayéwùmí, ìyá Modúpẹ́ọlá. Ìrẹsì. Méjìléláàádọ́rùn-ún.